Fáànù mi ò tan fúnra ẹ̀ mọ́ o

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ojútùú ẹ̀! Sẹ́kíìtì tí mo ṣe kí n lè máa fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tan fáànù yẹn, TSOP1738 ló ń gba iná rìmóòtù, CD4017 ń ka iye ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ (ẹ̀ẹ̀kan á tan án, ẹ̀ẹ̀kejì á pa á), BC547 (tiransísítọ̀) wá ń fa rilé 5V (súìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá). Tí n bá ti pa fáànù báyìí, kíá, á tún tan padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo pààrọ̀ TSOP, mo pààrọ̀ 4017, pàbó ló já sí.

Àṣé mi ò fi dáyóòdù (tó ń jẹ́ kí iná gba ojú kan ṣoṣo) sára kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé) inú rilé ni! Tí rilé bá ti kú, kọ́ìlì yẹn máa ń ta iná ńlá padà sẹ́yìn, 4017 á rò pé ẹnìkan tún tẹ rìmóòtù, ló bá kà á kún un. Mo yọ pílọ́ọ̀gì lára ògiri ná (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 220V ṣeré, ó ń pààyàn), mo sọ́dà dáyóòdù 1N4007 kan mọ́ kọ́ìlì náà, ojú tó ní ìlà funfun ló lọ sí pọ́sítíìfù, mo tún fi rẹsísítọ̀ 100 ohm àti kapásítọ̀ 47µF sídìí iná tó ń wọ TSOP, kí iná náà lè dúró déédéé. Látàná, tí mo bá pa á, ó ń kú síbẹ̀ ni.