Bí Mo Ṣe Gba Ọ̀nà Kor àti Ingalls Dé Orí Castleton

Ìyá mi rò pé mo fẹ́ lọ wo òkè ni. Mi ò purọ́ fún wọn, mi ò kàn sọ bí òkè náà ṣe rí: òpó òkúta pupa kan tó ń jẹ́ Castleton, tó dá dúró nínú aṣálẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, nítòsí Moab, ẹsẹ̀ bàtà 400, tó dúró gbọnrangandan bí ògiri.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1961 ni Layton Kor àti Huntley Ingalls kọ́kọ́ gùn ún dé òkè. Bíríkìlà ni Kor. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti gùn ún rí la jọ lọ. Ìdájí la gbéra. Òkìtì òkúta wà nísàlẹ̀ tá a kọ́kọ́ gùn, ibẹ̀ ni ìgò omi mi àkọ́kọ́ ti tán. Ìpele mẹ́rin ni òpó náà fúnra rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ò yọ mí lẹ́nu.

Ìpele kẹta ló fojú mi rí màbo. Pàlàpálá ibẹ̀ fẹ̀ ju ìkúùkù lọ, kò sì gba odidi ara. Ohun funfun kan tí wọ́n ń pè ní calcite tún lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń yọ̀ bí abọ́ tánganran tí wọ́n fepo pa. Mo ki apá bọ̀ ọ́, mo ki orúnkún tẹ̀ lé e. Orúnkún wọlé, ó kọ̀, kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, orúnkún mi há o!"

"Má fà á! Mí kanlẹ̀ ná. Wá rọra sọ ọ́ sísàlẹ̀ kó o tó yọ ọ́."

Ó jáde lóòótọ́, àmọ́ awọ díẹ̀ kù síbẹ̀. Irin tí mo ń kì sínú pàlàpálá láti fi so okùn máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agboòrùn, bàtà mi sì máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Ìṣó irin tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọnú òkúta ni Kor ní. Níbi tí mo há sí yẹn, mo bú u, mo sì kí i.

Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 1964, wọ́n fi hẹlikópítà gbé mọ́tò Chevrolet kan wá síbẹ̀ láti fi ya ìpolówó ọjà. Àwa jẹ dòdò tútù, a sì fi okùn sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá mi pè lálẹ́. "Ṣé o ti wo òkè ọ̀hún?"

"Mo ti wò ó, mà."

"Ṣé ó ga?"

"Ó ga díẹ̀, mà."