Bí Mo Ṣe Ya Fọ́tò Àwọn Ará Ilé Wa Lásìkò Ọyẹ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn ló ní fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìsọmọlórúkọ àti fọ́tò ìsìnkú àgbà, tí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ ẹbí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára káká ni èèyàn fi máa rí ìdílé tí ó ní fọ́tò ìyá wọn níbi tí ó ti ń sẹ́ ògì. Ilé tiwa náà kò yàtọ̀. Nígbà tí ó di pé àwa ọmọ máa pàdé lọ́dọ̀ Màmá ní Òkè-Àdó fún ọdún Kérésìmesì, mo pinnu pé n óò fi àkókò náà ya àwọn ará ilé nídìí ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, n óò fọ àwọn fọ́tò náà jáde, n óò sì tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù tí ọmọdé lè ṣí wò láìjẹ́ pé ó ń tọrọ fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé bí wọn kò bá fọwọ́ sí nǹkan nínú ilé náà, kò sí ẹni tí ó jẹ́ dá a láṣà. Wọ́n wo kámẹ́rà tí mo gbé kọ́rùn, wọ́n wo ìró àdìrẹ tó ti ṣá tí wọ́n ró mọ́dìí, wọ́n ní, "Ṣé báyìí lo fẹ́ gbé mi lọ fi han aráyé? Ṣé àwọn ọmọ tí mo bí kò ra aṣọ fún mi ni?" Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Màmá ní fọ́tò máa wà nílẹ̀ nígbà tí ẹni tí wọ́n yà kò bá sí mọ́, àti pé ohun tí ó bá máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ni èèyàn ń múra dè é.

N kò bá wọn jiyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ní gbòǹgbò. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978, ṣàkíyèsí pé bí àgbàlagbà Yorùbá bá fẹ́ ya fọ́tò, aṣọ tí ó dára jù ni ó máa ń wọ̀. Á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á gbé ọwọ́ lé orókún, aṣọ á tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ á sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ipò àti ọlá ẹni náà ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń sọ. Mo wá dá àbá kan: kí n kọ́kọ́ ya Màmá lórí àga bí wọ́n ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún mi láyè láti máa yà wọ́n nígbàkigbà, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbà. Èrò mi títí di òní ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ ya àgbà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kí ó ti ya á pẹ̀lú aṣọ iyì ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni àgbà náà máa sá fún un káàkiri ilé.

Àárọ̀ ni mo yàn, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo ojú ọ̀run. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, débi pé òjìji kì í dú, etí rẹ̀ kì í sì í mú. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ́ kòtò sójú àgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a yà á níta, níwájú gèètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ṣùgbọ́n gèlè tí ó fẹ̀ máa ń ṣíji bo iwájú orí àti ẹyinjú bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti òkè wá, nítorí náà ni mo ṣe gbé àga Bàbá sínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí àríwá. Nínú oṣù Kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn máa ń tẹ̀ sí ní ilẹ̀ wa, ojú fèrèsé àríwá kì í sì í gba ìtànṣán tààrà. Mo ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wà nínú òjìji. Mo sì pa gílóòbù, nítorí pé bí iná pupa bá dà pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n bí epo, èkejì á sì dà bí ẹni tí òtútù mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni kámẹ́rà lè tún ṣe nínú méjèèjì. Àbúrò mi ọkùnrin rò pé owó iná ni mo ń ṣọ́.

Léèsì funfun ni Màmá wọ̀, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ wáìnì àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ibi tí ó ti yẹ kí onífọ́tò ṣọ́ra nìyẹn. Kámẹ́rà tèmi kò mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ó kàn ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń wá bí àròpọ̀ rẹ̀ yóò ṣe wà ní agbede-méjì funfun àti dúdú. Bí léèsì funfun bá gba àyè púpọ̀, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tí ó wọ léèsì náà á sì ṣókùnkùn. Mo yí ìwọ̀n rẹ̀ sí èyí tí ó ń wo ojú kan ṣoṣo, mo dojú rẹ̀ kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, mo wá dín in kù díẹ̀ kí àwọ̀ dúdú wọn má baà ṣì. RAW ni mo fi yà á, irú fáìlì tí ó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, kí n lè rí àwọn òdòdó ara léèsì náà fà padà lórí kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá fẹ́ parẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú nínú fọ́tò ti pẹ́ nílẹ̀, kì í ṣe ti kámẹ́rà ayé òde òní nìkan. Ní àwọn ọdún 1950 ni Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé ìfọ̀fọ́tò ní káàdì tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ fọ́tò tọ́ tàbí kò tọ́. Àwọ̀ obìnrin yẹn ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí àwọ̀ tirẹ̀ bá jìnnà sí i, bí ó bá ti bọ́ sí inú òjìji díẹ̀, eyín àti ẹyinjú rẹ̀ ló kù tí a máa rí.

Mo fi kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo fa ẹsẹ̀ náà kúrú, mo sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ojú kámẹ́rà lè ṣe déédéé àyà Màmá, kí ó má baà máa wo àgbà láti òkè. Lẹ́ńsì 50mm ni mo lò; mo sì fi ihò rẹ̀ sí f/4, kí gèlè, ojú àti iyùn lè mọ́ kedere papọ̀. Àǹtí fi áńkáṣífù nu iwájú orí wọn, nítorí ìpara tí ó ń dán máa ń di ojú funfun kan nínú fọ́tò. Màmá gbé ọwọ́ lé orókún, wọ́n tẹ́ ìpèlé wọn, wọ́n sì mójú le. N kò sọ pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín, torí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn rí àwọn nìyẹn.

Kí a tó palẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n ya fọ́tò Bàbá tí ó wà lára ògiri náà kún un. Fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù rẹ̀. Bí èèyàn bá fi agbára ṣí i, ojú fọ́tò ló máa bó. Mo gbé férémù náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo fi aṣọ dúdú bo ara mi àti kámẹ́rà kí gíláàsì má baà máa gbé àwòrán mi jáde, n kò tan fíláàṣì rárá, mo sì yà á láti inú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Ó jáde dáadáa ju bí mo ṣe lérò lọ.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fọ́tò ojoojúmọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi kámẹ́rà kọ́rùn rìn kiri ilé láìyà ohunkóhun, títí ó fi sú àwọn ọmọdé láti máa nàka sí i. Nínú yàrá, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, lọ sí 1600, mo sì rí i pé kámẹ́rà ń ṣẹ́jú ní ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá, ó kéré tán, nítorí ọmọdé kì í dúró. Níbi tí wọ́n ti ń gúnyán, mo gbé e dé ìdá kan nínú 500 kí ọmọ odó má baà di èéfín. Gbogbo ohun yòókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúró: mo máa ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, mo máa ń dúró síbẹ̀, mo sì máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ wọn gbé wọn wá bá mi. Ẹni tí ó bá ní kí Màmá gbé abọ́ ògì kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí nítorí fọ́tò ti ba fọ́tò náà jẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ni wọ́n ti ń sẹ́ ògì. Páànù náà dí oòrùn òkè, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ àgbàlá wọlé. Màmá ti na aṣọ asẹ́ bo ẹnu abọ́ ńlá, wọ́n ń da omi lé àgbàdo lílọ̀ náà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i, lẹ́yìn náà wọ́n á kó etí aṣọ náà jọ, wọ́n á fún un títí èérí nìkan fi máa kù. Omi funfun ń ṣàn láti ọrùn ọwọ́ wọn dé ìgbúnwọ́. Nígbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé wọ́n ti bọ́ òrùka ìgbéyàwó wọn, wọ́n sì ti so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró àdìrẹ yẹn. Mo ya kókó náà, mo ya ìka tí kò sí òrùka lórí rẹ̀ nínú ògì, mo sì ya ojú wọn nígbà tí wọ́n ń bá aládùúgbò jiyàn lórí iye owó àgbàdo. Nínú gbogbo èyí tí mo yà lọ́dún náà, àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù.

Irun dídì ṣòro díẹ̀. Àǹtí ń di ṣùkú fún ọmọ wọn obìnrin ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ń wù mí láti dúró sẹ́yìn bí J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí ó fìgbà kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti ìpàkọ́, kí ìlà àti ìdì rẹ̀ lè hàn bí iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n irun nìkan kọ́ ni mo wá. Mo fẹ́ ìyá àti ọmọ. Mo wá jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ojú mi lè dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ náà, níbi tí mo ti ń rí ìrù òòyà tí ó ń la ilẹ̀ irun, tí mo sì ń rí bí ọmọ náà ṣe di orókún ìyá rẹ̀ mú nígbàkigbà tí wọ́n bá fà á.

Àwọn ìbejì bùọ̀dá mi ní òfin tiwọn. Màmá ní n kò gbọdọ̀ ya Táíwò láìya Kẹ́hìndé. Èyí rán mi létí ohun mìíràn tí Sprague rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò máa ń ya èyí tí ó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, bí èyí tí ó lọ bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tí ó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un fún ìdajì kejì. Mo pa òfin Màmá mọ́. N kò sì ya ọmọ kankan níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, bó ti wù kí ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó.

Nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, púpọ̀ ni mo yọ kúrò. Bí fọ́tò méjì bá jọ ara wọn, ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n fọ àwọn tó kù ní ìwọ̀n 4x6 ínǹṣì fún álíbọ́ọ̀mù, irú èyí tí ó ní àpò ọ̀rá, kì í ṣe èyí tí ó ní gọ́ọ̀mù lójú ewé, nítorí gọ́ọ̀mù yẹn máa ń sọ fọ́tò di pupa rúsúrúsú tí ó bá pẹ́. Fọ́tò orí àga ni mo fọ ní 8x10. Ó gba nǹkan bí píkísẹ́lì (àwọn àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di fọ́tò) 2400 ní ìbú àti 3000 ní gígùn kí ó tó lè mọ́ dáadáa ní ìwọ̀n yẹn. Mo ní kí ẹni tó ń ṣe férémù fi páálí sáàárín fọ́tò àti gíláàsì, kí òjò má baà mú un lẹ̀ bí ti Bàbá. Òun ló wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Màmá kò gbà kí ti ògì wà níbẹ̀, wọ́n ní àlejò kò gbọdọ̀ bá ìró àdìrẹ àwọn lára ògiri, nítorí náà inú álíbọ́ọ̀mù ni mo fi í sí, pẹ̀lú orúkọ, ibi àti ọdún tí mo kọ sí abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní London kò rí àyè wálé. Bí èèyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, ó máa ń sọ ọ́ di kékeré, ìlà irun á sì dà rú, nítorí náà mo fi tiwọn ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Ti irun dídì ni wọ́n ti ní kí wọ́n fọ fún àwọn níbẹ̀.