Bí Mo Ṣe Wọn Ọ́síjìn Inú Odò Kan ní Ìbàdàn

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ní Ìbàdàn ni ó ní kí n bá wọn yẹ odò kékeré ẹ̀yìnkùlé wọn wò, nítorí pé ẹ̀sítéètì kan ń fi páìpù da omi ìdọ̀tí sínú rẹ̀, tí àwọn alábòójútó ibẹ̀ sì ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ń tọ́jú omi náà kí ó tó jáde. Odò yìí ń ṣàn wọ odò Ọ̀nà lókè ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, èyí tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1942 fún omi ẹ̀rọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹ̀yìnkùlé.

Ọ́síjìn tí ó yòrò sínú omi ni mo pinnu láti wọ̀n. Bí ìgbẹ́, ọṣẹ àti omi ilé ìdáná bá wọ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí ni yóò máa jẹ wọ́n, bí wọ́n sì ti ń jẹ ni wọ́n ń lo ọ́síjìn tí ẹja ì bá fi mí. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn kòkòrò yìí ń ṣe ní ibi tí a ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí, àfi pé ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nítorí iná tàbí epo dísẹ́ẹ̀lì, odò ni yóò forí fá a.

Ọ̀nà tí Winkler, onímọ̀ kẹ́míkà kan, gbé jáde ní ọdún 1888 ni mo lò, nítorí pé ìgò àti kẹ́míkà nìkan ni ó gbà. Mo ri ìgò 300 mililítà bọ inú odò, mo jẹ́ kí ó kún díẹ̀díẹ̀, mo sì dé e lábẹ́ omi, torí pé afẹ́fẹ́ òde, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, yóò ba ìwọ̀n náà jẹ́. Létí odò níbẹ̀ ni mo ti fi mililítà kan manganese sulphate sí i, tí mo sì fi mililítà kan iodide tí a pò mọ́ sódà tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ní òun yóò gbé omi délé kí òun tó ṣe èyí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, nítorí pé kòkòrò yóò ti lo nínú ọ́síjìn náà lójú ọ̀nà.

Omi tí mo bù lókè páìpù di búráùn kíki, èyí tí ó fi hàn pé ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ẹnu páìpù, búráùn náà fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó hàn, ẹni tí ó bá sì dúró níbẹ̀ lè gbà pé ẹ̀sítéètì kò purọ́. Streeter àti Phelps ti fi hàn láti ọdún 1925, nínú iṣẹ́ wọn lórí odò Ohio ní Amẹ́ríkà, pé kì í ṣe ibi tí ìdọ̀tí ti wọ odò ni ọ́síjìn ti ń lọ sílẹ̀ jù, bí kò ṣe ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí kòkòrò ti ráyè jẹun. Mo bá ń tọ odò náà lọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ìyá kan níbẹ̀ sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, ti ibí ti tòrò.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà, ẹ jẹ́ ká wò ó.” Lóòótọ́, omi náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò funfun bí ẹ̀kọ mímu: kò sí ọ́síjìn níbẹ̀.

Ní yàrá àyẹ̀wò, mo fi ásíìdì sulphuric sí àwọn ìgò náà, èyí búráùn sì di àwọ̀ yẹ́lò. Mo wọn 200 mililítà, mo ń kán sodium thiosulphate sí i títí yẹ́lò náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo wá fi sítáàṣì díẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ di búlúù, mo sì tún ń kán an lọ títí búlúù fi pòórá. Ní ìwọ̀n tí mo fi po thiosulphate náà, mililítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún mìlígíráàmù ọ́síjìn kan nínú lítà. Ti òkè lé ní 6, ti ẹnu páìpù kò tó 4, ti ìsàlẹ̀ kò sì ní yẹ́lò kankan tí mo lè kán nǹkan sí. Omi mímọ́ pàápàá, nínú ooru wa, kì í sábà ju nǹkan bí 8 lọ.

Nínú ìwé tí mo kọ fún ẹgbẹ́ onílé, mo sọ ibi àti wákàtí tí mo bu omi kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ gbangba pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, torí pé bí òjò bá dé, omi odò yóò pọ̀ sí i, ìwọ̀n yóò dára, àwọn alábòójútó náà á sì rí ìwé tí wọn yóò máa gbé kiri. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè rìsíìtì epo tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà ń jẹ lóṣooṣù, kí wọ́n tó béèrè ìwé àyẹ̀wò èyíkéyìí lọ́wọ́ ẹ̀sítéètì.