Bẹ́ ẹ ṣe lè fi SiC àti GaN dín iná tí dráìfù mọ́tò ń fi ṣòfò kù

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó o. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò iná yín ṣì ń sáré ìwọ̀n kan náà láàárọ̀ lálẹ́, tó sì jẹ́ pé fáàfù lẹ fi ń dín omi tàbí atẹ́gùn tó ń gbé jáde kù, ẹ fi ọ̀rọ̀ SiC (silicon carbide) àti GaN (gallium nitride), àwọn sẹmikọndọ́kítọ̀ tuntun tí wọ́n fi ń ṣe súwíìṣì inú dráìfù, sílẹ̀ ná, dráìfù lásán (àpótí tó ń yí ìsáré mọ́tò padà) tó ní IGBT, ìyẹn súwíìṣì sílíkọ́nì àtijọ́, nínú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Pọ́ǹpù àti fáànù, tí ìsáré wọn bá wálẹ̀ díẹ̀ báyìí, iná tí wọ́n ń jẹ máa ń já wálẹ̀ gan-an ni: ìsáré 80% jẹ́ 0.8 × 0.8 × 0.8, ìyẹn nǹkan bí 51% iná tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Kò sí sẹmikọndọ́kítọ̀ kankan tó lè dá ìyẹn ṣe fún yín. Iṣẹ́ táwọn tuntun yìí ń ṣe kéré sí ìyẹn, torí dráìfù tó dáa ti ń gbé nǹkan bí 96 sí 98% iná tó bá wọ inú ẹ̀ lọ sí mọ́tò, ìyókù ló ń di ooru, inú ìyókù yẹn la ti fẹ́ lọ gba nǹkan padà. Tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, tàbí tó bá jẹ́ bátìrì ló ń gbé e, ìyókù yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré mọ́.

Inú dráìfù, ẹ máa rí apá tó ń sọ AC di DC, ẹ máa rí àwọn kapásítọ̀ ńlá tó ń gbé DC yẹn dúró, lẹ́yìn náà ni súwíìṣì mẹ́fà tó ń gé DC yẹn wẹ́wẹ́ láti fi ṣe AC tuntun fún mọ́tò. Súwíìṣì mẹ́fà yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Wọ́n ń fi iná ṣòfò nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá ń gba inú wọn kọjá, wọ́n tún ń fi ṣòfò lásìkò tíńtín tí wọ́n ń tàn tàbí tí wọ́n ń kú.

IGBT dà bí agbowó ẹnu géètì. Kí kọ́rẹ́ǹtì tó kọjá rárá, ó máa kọ́kọ́ gba nǹkan bí 0.8 sí 1 V lọ́wọ́ ẹ̀, ì báà jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì tí kò tó nǹkan. Tó bá tún fẹ́ kú, kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́rẹ́ǹtì máa ń wọ́ ìrù lẹ́yìn nígbà tí fóltéèjì ti gòkè, ooru nìyẹn. Dáódù tí wọ́n gbé tì í, ìyẹn ẹ̀yà tó yẹ kó jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba ọ̀nà kan ṣoṣo, náà tún máa ń da kọ́rẹ́ǹtì padà sẹ́yìn kó tó dákẹ́, súwíìṣì tó wà ní òdìkejì ló sì máa ń jìyà ẹ̀.

SiC MOSFET, ìyẹn irú súwíìṣì kan tí wọ́n fi SiC ṣe, kì í gba owó ẹnu géètì ní tiẹ̀, bíi resístọ̀ kékeré ló ṣe ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ wò. Ká ní SiC yín jẹ́ 40 mΩ, tó bá gbóná á gòkè sí bíi 60 mΩ. Tí 5 A bá ń gba inú ẹ̀ kọjá, 5 × 5 × 0.06, 1.5 W péré ló sọnù. IGBT tó ń mú 1.1 V ní 5 A yẹn máa fi 5.5 W ṣòfò. Tó bá di 15 A, SiC jẹ 13.5 W, IGBT tó ń mú 1.5 V jẹ 22.5 W. Àmọ́ ẹ wò ó ní 40 A: SiC ti di 96 W, IGBT tó ń mú 2.1 V wà ní 84 W. Ṣé ẹ rí i? Ibi tí lóòdù ti kéré ni SiC ti ń fi ẹ̀yìn IGBT balẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ra SiC tó kéré jù torí owó, tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ lórí lóòdù kíkún nígbà gbogbo, ẹ lè máà rí èrè tẹ́ ẹ wá lápá yẹn rárá. Torí náà ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ lọ mọ bí mọ́tò yín ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ kọ kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ sílẹ̀ ní oríṣiríṣi àsìkò fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ni kì í débi lóòdù kíkún fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹni tó bá sì wo nọ́ńbà ara mọ́tò nìkan kò ní mọ̀.

Ìdí tí SiC fi lè ṣe báyìí ò ṣòro. Bandgap (agbára tó ń gbà kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè máa rìn nínú ẹ̀) sílíkọ́nì jẹ́ 1.12 eV, ti SiC jẹ́ bíi 3.26, ti GaN jẹ́ bíi 3.4, àwọn méjèèjì yìí sì lè gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ipá fóltéèjì tí sílíkọ́nì ń gbà kó tó fọ́, èyí ni wọ́n fi lè ṣe ibi tó ń dá fóltéèjì dúró ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibi tó bá sì tín-ín-rín kì í dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́wọ́ púpọ̀. Kì í ṣe nǹkan àná o, dáódù SiC ti wà lọ́jà láti ọdún 2001, MOSFET rẹ̀ dé ní nǹkan bí 2010 sí 2011, nígbà tó sì di 2017 Tesla ti kó o sínú infátà (ohun tó ń sọ DC di AC fún mọ́tò) ọkọ̀ oníná wọn, Model 3.

Èwo lẹ máa wá mú? Fóltéèjì ló máa sọ fún yín. Iná 230 V, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di DC, ó ń lọ sí bíi 325 V, ẹ̀yà 650 V ló bá a mu, GaN tàbí SiC ló lè ṣe é. Iná 400 V máa ń di nǹkan bí 565 V DC, ẹ lọ mú SiC 1,200 V láìjanpata. Tó bá jẹ́ bátìrì 48 V, bíi ti róbọ́ọ̀tì, kẹ̀kẹ́ oníná àti dúróònù, GaN 100 V dùn ún lò gan-an, kì í da kọ́rẹ́ǹtì padà sẹ́yìn rárá torí kò ní dáódù oní-p-n nínú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sun owó wọn rèé: wọ́n á yọ IGBT kúrò, wọ́n á ki SiC bọ ojú ẹ̀ torí pé ẹsẹ̀ wọn bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Gate (ẹsẹ̀ tá a fi ń sọ fún súwíìṣì pé kó tàn tàbí kó kú) IGBT ń fẹ́ +15 V, òmíràn sì wà tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ máa ń fà á lọ sí −15 V láti pa á, ìyẹn pọ̀ jù fún SiC, èyí tó jẹ́ pé +15 sí +18 V ló fi ń tàn, −3 sí −5 V ló sì fi ń kú. GaN tiẹ̀ tún gẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn 5 sí 6 V ló ń fẹ́, tó bá ti kọjá 7 V báyìí ó ti tán. Datasheet (ìwé àlàyé) ẹ̀yà tẹ́ ẹ rà gangan ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe ti ẹlòmíì.

Gate driver, ẹ̀yà tó ń fún gate láṣẹ, náà gbọ́dọ̀ lè fara da kí fóltéèjì yí ní 100 V/ns (100 V lójú nanosẹ́kọ́ǹdì kan) ó kéré tán láìṣi iṣẹ́ ṣe. Àkókò tí súwíìṣì òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi jọ ń kú, tó máa ń tó 2 sí 3 µs lọ́dọ̀ IGBT, ẹ gé e wálẹ̀ sí nǹkan bí 200 sí 500 ns fún SiC, torí dáódù inú SiC ń mú 3 sí 4 V, bó bá ṣe ń pẹ́ lórí dáódù yẹn lẹ ṣe ń pàdánù. Lẹ́yìn àsìkò kékeré yẹn kẹ́ ẹ tan MOSFET fúnra ẹ̀ kí kọ́rẹ́ǹtì gba ibẹ̀ padà. Ààbò short circuit ńkọ́? Ọ̀pọ̀ IGBT lè fara dà á fún 10 µs, SiC kì í sábà kọjá 2 sí 3 µs, torí náà ààbò tó bá lọ́ra kò wúlò, ó máa jí lẹ́yìn ìgbà tí nǹkan ti bú gbàù. Ẹ sì rántí pé kapásítọ̀ máa ń di iná mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa dráìfù, ẹ dúró, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Lórí bọ́ọ̀dù, kí ọ̀nà láti kapásítọ̀ dé súwíìṣì kúrú bó bá ṣe lè kúrú tó. Inductance ọ̀nà yẹn (bó ṣe ń ta ko kí kọ́rẹ́ǹtì yí), ká ní 30 nH péré ni, tí kọ́rẹ́ǹtì bá ń yí ní 3 A lójú nanosẹ́kọ́ǹdì kan, máa fi 90 V kún fóltéèjì tó wà lórí súwíìṣì. Ẹ kó kapásítọ̀ seramíìkì kéékèèké sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kẹ́ ẹ sì ra súwíìṣì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ kẹrin jẹ́ ọ̀nà tí kọ́rẹ́ǹtì gate ń gbà padà nìkan.

Ó wá kan mọ́tò fúnra ẹ̀, ibí yìí ló sì yẹ ká fara balẹ̀ sí jù. SiC lè gbé fóltéèjì sókè ní 50 V/ns tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú kébù, ìgbì fóltéèjì ń rìn nǹkan bí 150 mítà lójú maikirosẹ́kọ́ǹdì kan. Tí fóltéèjì bá ń lo 200 ns láti gòkè, kébù lè gùn dé 15 mítà kó tó di wàhálà, àmọ́ tó bá jẹ́ 50 ns, kò tó mítà mẹ́rin. Tí kébù bá ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóltéèjì máa ń kọlu ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́tò, ó sì lè di ìlọ́po méjì, 565 V á di bíi 1,130 V lórí insuléṣọ̀n kọ́ìlì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lójú sẹ́kọ́ǹdì kan. NEMA MG 1 apá 31, ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí mọ́tò, sọ pé mọ́tò tí wọ́n ṣe fún infátà, tí fóltéèjì rẹ̀ kò ju 600 V lọ, gbọ́dọ̀ lè gba nǹkan bí ìlọ́po 3.1 fóltéèjì tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ṣùgbọ́n kí àkókò tó fi ń gòkè má kéré sí 0.1 µs, èyí tó túmọ̀ sí pé 50 ns yẹn ti kọjá ààlà bí fóltéèjì ò bá tiẹ̀ tó ìlọ́po 3.1 yẹn. Bíárìn náà kò ní dákẹ́, iná máa ń ti ara ọ̀pá mọ́tò fò gba inú gíríìsì, á máa jẹ irin bíárìn díẹ̀díẹ̀ títí tí ilà-ilà á fi yọ lára ẹ̀, tí mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo resístọ̀ gate. Ẹ fi kún un títí fóltéèjì á fi wá sí bíi 5 V/ns. Àwọn kan máa ní kí lẹ ra SiC fún nígbà náà, mi ò gbà pẹ̀lú wọn, torí èyí tẹ́ ẹ dẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí náà ò wọ́ ìrù, dáódù ẹ̀ kì í dà padà bíi ti sílíkọ́nì, èrè lóòdù kékeré tá a ṣírò lókè ṣì wà níbẹ̀ pérépéré. Tí kébù bá gùn gan-an, ẹ fi fílítà dv/dt (èyí tó ń dín bí fóltéèjì ṣe ń yára gòkè kù) tàbí fílítà sáìnì (èyí tó ń sọ fóltéèjì tá a gé wẹ́wẹ́ di ìgbì tó tẹ́jú) sí i. Fún bíárìn, òrùka tó ń gbé iná ọ̀pá lọ sílẹ̀, pẹ̀lú bíárìn tó ní insuléṣọ̀n ní apá kan. Tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ gbé dráìfù lé mọ́tò lórí kí ọ̀rọ̀ kébù gígùn tiẹ̀ tán.

Fíríkúẹ́nsì, ìyẹn iye ìgbà tí súwíìṣì ń tàn tó ń kú lójú sẹ́kọ́ǹdì kan, ńkọ́? Ẹ má kàn gbé e sókè torí pé ó ṣeé gbé. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, òfò ìgbà tó ń tàn tó ń kú náà á di ìlọ́po méjì. Mọ́tò induction lásán, 8 sí 16 kHz ti tó o. Mọ́tò tí inductance ẹ̀ kéré, tó ń sáré gan-an, ni 40 kHz lọ sókè bá mu, torí kọ́rẹ́ǹtì inú ẹ̀ á tẹ́jú, mọ́tò ò ní gbóná lásán, fílítà sáìnì náà á sì kéré.

Tẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, ẹ má fi mítà lásán sọ pé ẹ ti jèrè. Ká ní 1,000 W wọlé, 980 W jáde: mítà tó lè ṣì ní 0.5% lápá kọ̀ọ̀kan lè sọ pé 10 W ló sọnù, ó sì lè sọ pé 30 W ni, bẹ́ẹ̀ 20 W lòdodo. Ooru ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí dráìfù ṣiṣẹ́ títí heatsink (irin tó ń gbé ooru kúrò) ò fi gbóná sí i mọ́, ẹ kọ ìwọ̀n gbígbóná ẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa á, ẹ wá de resístọ̀ mọ́ heatsink kan náà, fáànù kan náà, ẹ máa fi kún iná inú ẹ̀ títí tó fi gbóná dé ibi kan náà, wáàtì tó wà nínú resístọ̀ nígbà yẹn ló sún mọ́ òfò dráìfù yín jù. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà ooru lẹ ń lò, ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ irin tó ń dán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa purọ́ fún yín. Ẹ ṣe é ní 25%, 50% àti 100% lóòdù, pẹ̀lú dráìfù IGBT àtijọ́ àti tuntun, mọ́tò kan náà, kébù kan náà.