Oògùn tó ń mú ìfun yára rìn: bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò lára èkúté láì tan ara yín jẹ

Tí èèyàn bá ní oògùn kan lọ́wọ́ tó fura sí pé ó ń mú ìfun yára rìn, tẹ́ẹ̀sì èédú ló máa ń kọ́kọ́ sá bá (wọ́n á fún ẹranko ní èédú lẹ́nu, wọ́n á wá wo ibi tó rìn dé nínú ìfun ẹ̀), torí kò náni lówó púpọ̀, rúlà lásán lẹ máa fi wọn èsì ẹ̀. Èédú ọ̀hún ò ní wàhálà o. Èkúté yẹn gan-an ni wàhálà wà lára ẹ̀. Tí jìnnìjìnnì bá bá a, tàbí tẹ́ ẹ fún un mọ́ra jù nígbà tẹ́ ẹ dì í mú, àpòlúkù ẹ̀ ò ní tètè tú ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀, ìfun ńlá ẹ̀ ní tiẹ̀ á wá máa sáré, ẹ̀yin á sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn ló ṣe é.

Torí náà, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo ẹranko bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà (ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí ìyẹn rárá), ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan máa gbé àwọn èkúté yẹn lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì máa fi abẹ́rẹ́ olórí róbótó tí wọ́n fi ń fún wọn lóògùn lẹ́nu fún wọn ní omi lásán, kó má lọ jẹ́ ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí irú ẹ̀.

Àmọ́ ṣé èkúté tiẹ̀ ni ẹranko tó yẹ? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Erythromycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, máa ń mú ikùn èèyàn ṣiṣẹ́ torí pé ó ń gba ojú ọ̀nà motilin, ìyẹn kẹ́míkà inú ara tó ń mú ikùn àti ìfun rìn, bẹ́ẹ̀ èkúté, àti ńlá (rat) àti kékeré (mouse), ti pàdánù motilin àti ibi tó ń so mọ́ nínú ara wọn pátápátá. Tẹ́ ẹ bá wá dán oògùn tó ń gba ọ̀nà yẹn wò lára èkúté tí ò sì ṣe nǹkan kan, kì í ṣe oògùn ni ò dáa. Ehoro tàbí ajá ni kẹ́ ẹ lò, àwọn kan sì ń lo Suncus murinus, ẹranko kékeré kan tó jọ èkúté tó sì ní motilin tiẹ̀. Tó bá jẹ́ oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi neostigmine, ìyẹn ni pé acetylcholine, kẹ́míkà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ sí ìfun pé kó rìn, ló ń mú pọ̀ sí i, èkúté tó bẹ́ẹ̀.

Ó kan ebi. Ẹ gba oúnjẹ kúrò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ sì gbé wọn sórí ilẹ̀ wáyà oníhò, torí èkúté máa ń jẹ ìgbẹ́ ara ẹ̀, tó bá sì rí ìyẹn jẹ ikùn ẹ̀ ò ṣófo nìyẹn. Ẹ má fi ebi pa àwọn kékeré yẹn pẹ́ jù, kíákíá ni wọ́n máa ń rù.

Ẹ pín wọn láìṣojúsàájú: àwọn tó máa gba omi oògùn lásán láìsí oògùn nínú ẹ̀, àwọn tó máa gba oògùn tá a ti mọ̀, àwọn tó máa gba tiyín ní dóòsì bíi mẹ́ta. Metoclopramide lọ̀pọ̀ ń fi ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n apá òkè ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, tó bá jẹ́ ìfun ńlá ni oògùn yín dojú kọ ẹ má fi ṣe é.

Ẹ fún wọn lóògùn, ó máa tó ìṣẹ́jú 30 sí 60 kẹ́ ẹ tó fún wọn ní èédú, ìyẹn èédú 10% nínú gọ́ọ̀mù acacia 5%, bíi 0.2 sí 0.3 ml fún èkúté kékeré, 1 ml fún ńlá. Ẹ máa gbọn ìgò yẹn kẹ́ ẹ tó fà á o, ó máa ń silẹ̀, ó sì máa ń dí abẹ́rẹ́. Ní ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn èédú, ẹ pa ẹranko náà lọ́nà tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, ẹ yọ ìfun kékeré láti ẹnu àpòlúkù títí dé ibi tó ti pàdé ìfun ńlá, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láì fà á, torí ìfun tútù máa ń nà bíi rọ́bà, ibi tẹ́ ẹ ti fà á ni ìṣirò ti bàjẹ́. Tí èédú bá dé 24 cm nínú 40 cm, 60% nìyẹn. Ẹni tó ń wọn ọ́n ò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó gba kí ni.

Tí àwọn tí ò gba oògùn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìfun ní ìṣẹ́jú 20, kò sí àyè tí oògùn yín máa fi hàn pé òun yára, ẹ dín àsìkò kù. Ohun mìíràn tó tún máa ń dà á rú ni pé èédú ò lè rìn nínú ìfun tó bá ṣì há sínú àpòlúkù, torí náà ẹ fi tẹ́ẹ̀sì phenol red, ìyẹn àwọ̀ pupa kan, tì í: ẹ fún wọn ní àwọ̀ náà, ẹ yọ àpòlúkù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ lọ̀ ọ́ nínú sodium hydroxide, ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ka àwọ̀ tó ṣẹ́kù ní 560 nm. Ẹ̀yí tẹ́ ẹ pa lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fún un tán ni 100%. Fún ìfun ńlá, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì 3 mm ni wọ́n ń ti bọ ìdí èkúté kékeré, tó nǹkan bíi 2 cm, wọ́n á wá wo ìṣẹ́jú tó máa fi yà á jáde.

Ẹ má fi ìgbẹ́ gbuuru pe ìrìn ìfun ṣá. Òróró lárà máa ń fa omi wọ inú ìfun, èédú á sáré, àmọ́ ọ̀rọ̀ omi wà ńbẹ̀. Ẹ wọn omi inú ìgbẹ́ yẹn. Ẹ tún fún àwọn kan ní atropine, tó ń dí ọ̀nà acetylcholine, ṣáájú, tí ipa oògùn bá pòórá, ọ̀nà acetylcholine ló ń gbà.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìfun fúnra ẹ̀ ni oògùn ń fọwọ́ kàn tàbí ọpọlọ, ẹ gé ègé ìfun guinea pig, ẹ so ó kọ́ sínú omi Tyrode (omi oníyọ̀ tó jọ omi inú ara) ní 37°C kí atẹ́gùn máa wọ inú ẹ̀, ẹ fi ìwúwo 1 g fà á, ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kẹ́ ẹ tó kán oògùn sí i.