Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi pààrọ̀ mánífóòlù Camry Orobo wa

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí a bá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé lọ́sàn-án, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró ní Mokola, á ní, "Dádì, orí ń fọ́ mi." Mo rò pé oòrùn ni. Lọ́jọ́ kejì mo rò pé ebi ni. Ọjọ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èmi náà ni mo tó fura sí ọkọ̀.

Camry Orobo ni ọkọ̀ wa, ti ọdún 1996, ẹ́ńjìnnì 5S-FE onílítà 2.2. Bàbá mi ló ni ín kó tó di tèmi. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń dún "tẹ́tẹ́tẹ́" láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀, tí ariwo náà á wá máa lọ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbóná. Mẹkáníìkì tí mo ń gbé e lọ bá ti ní kí wẹ́dà jó mánífóòlù rẹ̀, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lo oṣù kan. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú móòdù ni mánífóòlù yẹn. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀, ńṣe ló ń sán. Tí iná wẹ́dà bá mú ojú kan gbóná janjan nígbà tí ìyókù ṣì tutù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó náà ló tún máa là. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ orí fífọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ yí padà lórí fóònù. Ó ní, "Má gbé ọmọ yẹn sínú ọkọ̀ yẹn mọ́, ṣé o gbọ́ mi?" Ó ṣàlàyé fún mi pé gáàsì kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sì ń dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ oxygen lọ, ó lé ní ìlọ́po 200. Ó ti ń gba àyè atẹ́gùn lára ẹni kí ẹni tó mọ̀. Nínú Camry yìí, iwájú ẹ́ńjìnnì ni mánífóòlù wà, ó kọjú sí rédíétọ̀. Ohun tó bá jò lára rẹ̀, fáànù á fẹ́ ẹ bọ̀ wá sẹ́yìn, síbi tí ọkọ̀ ti ń fa atẹ́gùn wọlé fún àwa tá a jókòó sínú. Mo gbé ọkọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kadà la fi ń relé ìwé títí tí wọ́n fi gba ìsinmi.

Tíṣà ni mí, mi ò ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ohun tó pọ̀ jù tí mo ti ṣe lára ọkọ̀ ni kí n yí táyà, kí n sì yọ púlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i pé ihò yẹn dí, kí n má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ohun tí ọmọ mi ń mí símú. Bàbá Sikirà tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa, tí wọ́n wa tírélà fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ní àwọn á jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ojú mi ò ríran wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ìwọ ni wàá ṣe é. Èmi á máa sọ fún ẹ."

Ọjà Ararọ̀mí ní Agodi Gate ni mo ti lọ ra mánífóòlù, bẹ́líjíọ̀mù. Mo mú rúlà onírin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́mẹ́tìrì dání, torí Bàbá Sikirà ti kìlọ̀ fún mi pé mánífóòlù tí iná ti pọ́n lójú fún ọdún mélòó kan lè ti wọ́. Mo fi etí rúlà lé ojú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí èéfín ń gbà wọ inú rẹ̀, mo gbé e sókè sí oòrùn. Ti àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rúlà ní ihò tó wà ní ìpẹ̀kun. Mo dá a padà. Inú ọmọkùnrin tó ń tà á kò dùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gásíkẹ́ẹ̀tì á dí i." Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjì kó má baà jò, kì í dí irin tó wọ́, ó kàn ń dá a dúró fúngbà díẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni rúlà jókòó sí pẹ̀ẹ̀, bébà ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo wá so ó rọ̀ mọ́ ìka, mo fi sípánà kan án bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kan ìkòkò amọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ó dún gooro. Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ máa ń kú ni. Ọmọkùnrin náà pè é ní ₦55,000, a jọ parí rẹ̀ sí ₦38,000. Mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀tì tuntun mẹ́fà, àti sítọ́ọ̀dù méjì, ọ̀pá irin kékeré tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́, bí ọ̀kan bá lọ kán.

Àwọn nọ́ọ̀tì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà, ìyókù kò nira. Ọdún pípẹ́ ni iná àti òjò ti fi lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rẹ wọ́n. Màá sítáàtì ẹ́ńjìnnì níta gbangba fún ìṣẹ́jú mélòó kan, màá pa á, màá dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná débi tí iná á fi mú òróró, lẹ́yìn náà ni màá fín WD-40, òróró alágolo tó ń tú ìpẹtà, sí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bàbá Sikirà ní dísẹ́ẹ̀lì làwọn ń lò láyé tiwọn. Wọ́n ní ohun yòówù kó jẹ́, àkókò ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe agbára.

Àárọ̀ Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù. Mo yọ orí bátìrì, ẹsẹ̀ ti nẹ́gátíìfù. Mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé iwájú, mo sì ki sítáǹdì méjì tí mo yá bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Mo tú páànù tó bo mánífóòlù. Bó ṣe kúrò báyìí ni mo rí ohun tí mo ń wá: ilà dúdú kan, tínrín bí irun, láti ọrùn ihò kejì lọ sí ìkẹta, tí èéfín ti kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí tìróò. Mo pe ìyá ọmọ mi wá wò ó. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí.

Mo yọ wáyà ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ níbi tó ti so pọ̀, mo bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì tó so mánífóòlù mọ́ páìpù ìsàlẹ̀ gbọ́ràn nígbà tí mo ki ọ̀pá omi gígùn bọ ìdí sípánà. Mo tú àwọn irin tó gbé mánífóòlù ró nísàlẹ̀ náà. Ó wá kan nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó so mánífóòlù mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 14. Bàbá Sikirà ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti etí wá sáàárín, kí n má sì fipá yí i: bó bá yí díẹ̀, kí n dá a padà díẹ̀, kí n tún fín in. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n."

Mẹ́rin jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkarùn-ún gbé sítọ́ọ̀dù rẹ̀ dání wá, ìyẹn ò burú. Ìkẹfà ni tìyọnu. Ó kọ́kọ́ yí díẹ̀, ó ń ké "kwíí" bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo dá a padà, mo fín in, mo tún yí i. Lójijì ni ọwọ́ mi rọ̀. Kò dún gbà, kò dún gbì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kàn ń yí lọ lófìfo ni. Nígbà tí mo fà á jáde, nọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì sítọ́ọ̀dù, ojú ibi tó ti kán ń dán bí owó fàdákà láàárín, etí rẹ̀ sì pupa fún ìpẹtà. Ìyókù wà lára tọ́ọ̀pù, kò yọ síta tó ìka kan. Mo jókòó sílẹ̀. Bí mo bá ba ihò yẹn jẹ́, títú tọ́ọ̀pù sílẹ̀ ló kù, ìyẹn sì ju agbára mi lọ.

Bàbá Sikirà ní kí n fọwọ́ kúrò níbẹ̀, kí n lọ pe wẹ́dà tó wà ní orígun àdúgbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó fi nọ́ọ̀tì tó fẹ̀ díẹ̀ lé orí kùkùté irin náà, ó sì jó inú nọ́ọ̀tì pa pọ̀ mọ́ ọn. Bí ó ṣe ń jó o ni irin náà ń pọ́n bí ẹyinná. Mo ti na ọwọ́ sí sípánà, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó ṣú." A dúró títí pípọ́n náà fi kú pátápátá. Ó fi sípánà sí i, ó yí i díẹ̀ síwá, díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jáde wá, gbogbo ojú eré rẹ̀, ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí gbà, pé. Iná yẹn ló jẹ́ kí ìpẹtà tú. Mo dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ki àkísà bọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó fá ojú tọ́ọ̀pù, kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Mo ka àkísà náà: mẹ́rin wọlé, mẹ́rin jáde. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù yẹn, ó rọ̀, nítorí náà bíléèdì ni mo tẹ́ sílẹ̀ bẹẹrẹ tí mo fi ń fá a, mi ò fi orí sukurudiráfà há a. Mo fi ọwọ́ yí sítọ́ọ̀dù tuntun méjèèjì wọlé, mo fi girísì àwọ̀ bàbà tó ń gba iná ra ojú eré wọn, kí ẹni tó bá tún máa tú u lọ́jọ́ iwájú má baà jìyà tí mo jẹ. Gásíkẹ́ẹ̀tì lọ, mánífóòlù tẹ̀ lé e. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ìyá ọmọ mi ló bá mi dì í mú títí nọ́ọ̀tì méjì fi mú.

Ọwọ́ lásán ni mo fi kọ́kọ́ yí gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní sípánà tó ń ka agbára tí èèyàn fi ń dè é, mo wá ń dè é láti àárín lọ sí etí: ìpele àkọ́kọ́ 20, ìkejì 35, ìkẹta 49 Nm, iye tí ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì náà sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ la ń dè é. Tí èèyàn bá de ẹ̀gbẹ́ kan pa kó tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì, irin á gùn sórí gásíkẹ́ẹ̀tì, á sì tún máa jò. Páìpù ìsàlẹ̀, irin ìgbéró, sẹ́ńsọ̀, páànù, bátìrì, gbogbo wọn padà sáyè wọn.

Bí mo ṣe sítáàtì rẹ̀ ni èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àyà mi já. Bàbá Sikirà ní òróró tí mo ti ń fín láti ọjọ́ mẹ́ta ló ń jó, kí n fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó mọ́. Kò sí "tẹ́tẹ́tẹ́" mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí gbogbo rẹ̀ ti tutù, mo tún fi sípánà kan náà yẹ̀ wọ́n wò. Méjì nínú mẹ́fà ṣì gba díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo sítáàtì rẹ̀, kí fáànù tó bẹ̀rẹ̀, mo mú bébà tíṣù pẹlẹbẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ihò àkọ́kọ́ dé ìkẹrin, mo sì ní kí ìyá ọmọ mi fi àkísà dí ẹnu sàléńsà díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kí èéfín lè wá ọ̀nà mìíràn bí ó bá wà. Bébà náà kò mì.

Nígbà tí wọ́n wọlé sí táàmù tuntun, mo lọ gbé ọmọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Mokola, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Mo wo ojú rẹ̀ nínú dígí, mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

Ó ní rárá, ebi ló ń pa òun.