Bí Ẹgbẹ́ Òǹkọ̀wé Ṣe Lè Dá Àmì Ẹ̀yẹ Ọdọọdún Sílẹ̀, Kó sì Ṣe Òǹkọ̀wé Láǹfààní

Ẹ má tíì wá gbọ̀ngàn, ẹ má sì tíì lọ bá ẹni tó ń ṣe pátákó àmì ẹ̀yẹ. Owó ẹ̀bùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kó wọ báǹkì, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ yín fẹ́ dá òǹkọ̀wé lọ́lá. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá pè mí láti Ìjerò, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé nìyẹn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ni mí níhìn-ín ní Adó-Èkìtì. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi sì ni gbogbo ìwé ìdíje ẹgbẹ́ wa ń gbà kọjá lọ́dọọdún.

Òǹkọ̀wé tó ń jí lóru kọ ìwé, tó tún ń fi owó oúnjẹ ilé rẹ̀ san gbèsè atẹ̀wé, àtẹ́wọ́ nìkan kò tó o. Owó ló nílò, àti ẹni tó máa ka ìwé rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe é yìí, nǹkan méjèèjì yẹn ni mo ń lé.

Níbi owó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá iye tí agbára rẹ̀ ká, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí onígbọ̀wọ́ kankan. Ẹni tí ẹ fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ máa bi yín pé èló ni ẹ̀yin fúnra yín ti rí kó jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ, ẹ tọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé lọ, ẹ tọ báǹkì àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Ìlérí ẹnu kì í ṣe owó. Ẹni tó ṣèlérí nínú oṣù kìíní, ọ̀tọ̀ ni ohun tó máa wà lọ́rùn rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Owó tí kò bá tíì wọlé, ẹ má kà á mọ́ ọn, torí iyán tí a kò se iṣu rẹ̀ jinná, bó ti wù ká gún un tó, kókó ló máa ní. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un, kí alága, akọ̀wé àti akápò jọ máa fọwọ́ sí i kí owó tó lè jáde.

Mo tún ní òfin kan tí n kì í gbé sílẹ̀: nínú gbogbo owó tí ẹ bá rí, kí èyí tó máa dé ọwọ́ òǹkọ̀wé ju ìdajì lọ. Kápẹ́ẹ̀tì, àga tí wọ́n wé ní aṣọ, ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹni tó ń ya fídíò, gbogbo wọn kò gbọdọ̀ jẹ owó tó tó tirẹ̀.

Bí owó bá kéré, ẹ má pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe Nigeria Prize for Literature, èyí tí NLNG, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì, bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí owó rẹ̀ ti di 100,000 dọ́là. Pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún lẹ́ẹ̀kan: ìtàn àròsọ lọ́dún kan, ewì lọ́dún mìíràn, eré onítàn, ìwé ọmọdé, wọ́n á tún yí i padà. Ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀bùn kan tó lè san owó atẹ̀wé sàn ju ẹ̀bùn mẹ́fà tí kò lè san owó ọkọ̀ lọ. Mo rọ̀ yín kí ẹ má gbàgbé àwọn tó ń kọ eré orí rédíò. Òǹkọ̀wé ni wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ni gbogbo ìlú ń gbọ́ láìmọ orúkọ wọn.

Òfin ìdíje, ojú ìwé méjì tó o. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, kí ẹni tó wà ní Ọ̀mùò lè kà á yé láìpe ẹnikẹ́ni. Kí ó sọ ẹni tó lè wọlé (ọmọ Èkìtì níbikíbi tó bá wà, àti àlejò tó ń gbé láàárín wa), ọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti tẹ ìwé náà, àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì. Ẹ béèrè ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, lórí ìwé títẹ̀. National Library of Nigeria ló ń fúnni ní nọ́ńbà yẹn, òǹkọ̀wé tí kò bá ní in kò lè rí ìwé rẹ̀ tà ní ilé ìtàwé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti béèrè fún un, ẹ ti kọ́ ọ ní apá kan iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìgbìmọ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ díje lọ́dún tó bá wà lórí àga.

Ohun kan wà tí mo máa ń fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú òfin: ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ìdíje kan wà tí òfin wọn ń sọ ní kọ́lọ́fín pé gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ti di ti ẹgbẹ́. Ìrẹ́jẹ gbáà ni. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 nílẹ̀ wa sọ pé ẹ̀tọ́ yìí wà fún òǹkọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún àwọn ajogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ apá kan iṣẹ́ náà sínú ìwé ẹgbẹ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì san nǹkan fún un.

Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe bí kò bá sí ìwé tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ní 2009 àti ní 2015, àwọn adájọ́ Nigeria Prize for Literature sọ pé àwọn kò rí ẹni tí ẹ̀bùn tọ́ sí, ọ̀rọ̀ náà sì dun ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí yín. Èrò tèmi ni pé kí òfin ti sọ ṣáájú pé owó ọdún bẹ́ẹ̀ máa lọ sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó díje, kó má padà sí àpò ẹgbẹ́.

Èdè tí ẹ máa gbà, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni ní Èkìtì. Àwọn tó ń kọ ewì ìbílẹ̀ Èkìtì bíi àlámọ̀ sílẹ̀ kì í fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá ilé ìwé, wọn kò sì jẹ̀bi, torí adùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀ka-èdè wa. Ẹ gbà á. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé kan kún un tó túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ará Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú kò ní mọ̀. Kí adájọ́ kan, ó kéré tán, jẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà láti kékeré. Adájọ́ tó bá rí “ulé” tó sì fa gègé pupa sí i pé “ilé” ló yẹ kó jẹ́, ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ iṣẹ́ wọn lórí fóònù, ó sì máa ń wà níbẹ̀ dáadáa títí wọ́n á fi gbé e lọ sí ilé títẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á sọ gbogbo ẹ̀ àti ọ̀ di àpótí òfìfo. Mo máa ń ní kí wọ́n fi PDF ránṣẹ́ sí mi tààrà láti orí fóònù náà. Èmi á ṣí ojú ìwé kìíní, ìkarùn-ún àti ìgbẹ̀yìn, èmi á sì pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an bí mo bá rí i pé ohun kan ti fò. Lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́.

Ibi tí mo ń fara balẹ̀ sí jù lọ ni ìgbà tí iṣẹ́ tí wọn kò tíì tẹ̀ bá dé ọwọ́ mi. Ìwé nọ́ńbà ńlá kan wà níwájú mi. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo kọ àkọlé, mo fún iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà mo yọ ojú ìwé tí orúkọ wà, mo tún wá ojú ìwé ìdúpẹ́, torí ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé máa ń dárúkọ ìyàwó, pásítọ̀ àti ilé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo Adó á fi mọ̀ ọ́n. Mo kó wọn sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́, mo kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀dọ̀ akápò ló sì ń sùn. Nọ́ńbà nìkan ni àwọn adájọ́ ń rí. Iwájú gbogbo wọn la ti ń ya àpòòwé náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lu ìdájọ́.

Ìwé tó ti jáde kò ṣe é bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń ní kí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó gba ìwé, bóyá ìbátan, ọ̀rẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá wà, kò ní dá sí ti ẹni yẹn. Ẹ má ní kí òǹkọ̀wé gbé ẹ̀dà mẹ́rin wá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má sì ṣe fótókópì rẹ̀. Ẹ̀dà kan ni kó mú wá. Nígbà tí ẹ bá ti yan ìwé tó máa dé iwájú adájọ́, kí ẹgbẹ́ ra èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó ń tà á gan-an. Bí kò tilẹ̀ gba ẹ̀bùn, ó ti pa owó díẹ̀.

Adájọ́ mẹ́ta tó. Kí ọ̀kan jẹ́ òǹkọ̀wé, kí ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ èdè, kí ẹnì kẹta jẹ́ òǹkàwé lásán tó fẹ́ràn ìwé, bíi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Kí ọ̀kan nínú wọn wá láti ìta Èkìtì. Ẹ san owó fún wọn, ẹni tí ẹ kò bá san owó fún kò ní ka ìwé dé ìparí, ẹ kò sì ní lẹ́nu láti bá a wí. N kì í jẹ́ kí wọ́n fi máàkì nìkan dájọ́. Nígbà tí wọ́n bá jókòó pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ojú ìwé kan láti inú ìwé kọ̀ọ̀kan sókè. Ìtàn tó ń dán lójú máa ń há sí ẹlòmíràn lẹ́nu, ewì tó dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan á sì mú kí gbogbo yàrá dákẹ́. Kí wọ́n wá kọ ìpínrọ̀ kan lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tó dára níbẹ̀, ohun tó kù.

Ẹ kéde orúkọ àwọn mẹ́ta tó ṣe dáadáa jù ní oṣù kan ṣáájú ayẹyẹ. Ẹ gbé wọn lọ sí rédíò kí wọ́n kà nínú iṣẹ́ wọn. Àkókò yẹn ni ìwé máa ń tà jù.

Ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ má mú Sátidé. Òkú àti ìgbéyàwó ló ni Sátidé ní Èkìtì, ẹ kò sì ní rí ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé girama, kí àwọn ọmọ lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé wọn, kí wọ́n fojú rí òǹkọ̀wé. Kábíyèsí bá wà níkàlẹ̀, ẹ kí wọn bó ti yẹ. Olóṣèlú tó bá wá, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òǹkọ̀wé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó dìde kó kàwé. Ẹ má gbé sọ̀wédowó ńlá onípáálí jáde fún fọ́tò, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ kó tó kúrò lórí àga. Ní ti pátákó àmì ẹ̀yẹ, ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn sórí ìwé, kí ẹni náà fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó fi ẹ̀rọ kọ ọ́ sára gíláàsì. Kò bójú mu kí a bọlá fún òǹkọ̀wé Yorùbá, kí orúkọ rẹ̀ má pé.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ń jẹ mí lọ́kàn. Akéwì Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, gba Commonwealth Poetry Prize ní 1986, ó tún gba Noma Award, ẹ̀bùn fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà, ní 1991. Òde náà ń kan sáárá sí ọmọ wa. Àwọn mìíràn wà tí òde kò gbọ́ orúkọ wọn, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ ìwé tí àwọn ọmọ fi mọ̀ ọ́n kà, tí wọ́n jókòó sílé báyìí tí ojú ń dùn wọ́n. Ẹ ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún irú wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Bí àgbà náà kò bá lè wá, ẹ lọ bá a nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé díẹ̀, kí wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kí ẹ̀bùn náà jẹ́ owó tó máa tó fún ìtọ́jú rẹ̀. Aṣọ àrán kò wo ojú sàn.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ni iṣẹ́ tó kù. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Èkìtì ní. Bí ẹgbẹ́ bá ra ẹ̀dà méjì méjì ìwé tó gbégbá orókè fún ilé ìwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà 32 ti tà nìyẹn, àwọn ọmọ náà sì ti rí nǹkan kà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì di ìwé, ẹ bá a wo àdéhùn tí atẹ̀wé bá gbé fún un kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún gbogbo wọn nípa REPRONIG, ẹgbẹ́ tó ń bá òǹkọ̀wé gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń da ìwé wọn kọ. Ẹ lẹ ìṣirò owó, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, mọ́ ara pátákó níbi ìpàdé kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí.

Àwọn tí kò gba ẹ̀bùn, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ da ìpínrọ̀ tí àwọn adájọ́ kọ sórí iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìdíje tó ń bọ̀ máa ṣí sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà.